Rélùwéè ò dúró l'ábúlé wa

Mo pa ìyá mi lẹ́kún nínú rélùwéè lónìí.

Agége la ti wọ̀ ọ́, ká kàn gbafẹ́ dé Abẹ́òkúta. Iyè wọn ti ń ra. Mo ní kójú wọn rí igbó díẹ̀. Wọ́n gbá búrẹ́dì mọ́ àyà.

Bá a ṣe ń kọjá abúlé wa, wọ́n dìde.

"Àkànní, ká sọ̀. Bàbá yín ò tíì jẹun."

"Màmá, Bàbá ti kú."

"Nígbà wo? Ẹ ò sì sọ fún mi!"

Wọ́n sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

A ti dé Abẹ́òkúta, à ń dúró de rélùwéè tá a máa bá padà báyìí. Wọ́n ti gbàgbé. Búrẹ́dì náà ṣì wà láyà wọn.

Abúlé yẹn la ó tún gbà kọjá. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n wí?