Mi ò sáré lórí kẹ̀kẹ́ lónìí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìyá mi ń retí mi lónìí, èmi sì rọra ń wa kẹ̀kẹ́ bọ̀.

Láàárọ̀, awakọ̀ lọ́ọ̀rì kòkó kan dúró níwájú ilé mi ní Àkúrẹ́.

"Ara ìyá yín ò yá díẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀ ní Oǹdó."

Díẹ̀ kẹ̀! Ta ni kò mọ̀ pé bí a ṣe ń túfọ̀ fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn nìyẹn?

Mo bú sẹ́kún, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi.

Ọ̀nà dákẹ́ rọ́rọ́. Mò ń wo àwọn òkè Ìdànrè lọ́ọ̀ọ́kán. Kí ni mo tún fẹ́ sáré sí? Mo jókòó létí afárá, mo sunkún títí ojú mi fi gbẹ.

Àbúrò mi obìnrin ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá wa.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló dá yín dúró? Orúkọ yín ni wọ́n ń pè títí wọ́n fi dákẹ́. Ara wọn ò tíì tutù."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn: bó bá jẹ́ àìsàn lásán ló ń ṣe ìyá ẹni, kí la ó máa wí tí ọmọ á fi sáré?