Ó Wí fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Pé Ó Ti Kú

Àwòrán ilé ni obìnrin kan ń yà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, Ayàwòrán náà ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é. Ṣùgbọ́n eré méjì ló gbà á lọ́kàn. Ní Sátidé, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á yí tábìlì ká ní pálọ̀ rẹ̀, olúkúlùkù á sọ ara rẹ̀ di ẹnìkan nínú ìtàn: olè, ọdẹ, ọbabìnrin. Ayàwòrán á sọ ohun tí wọ́n bá pàdé lọ́nà, wọ́n á sì ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n dáwọ́ lé máa yọrí. Ní Sọ́ńdè, ó di ilé ìkẹ́rùsí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta táyà. Ibẹ̀ làwọn kan ti ń fi ìbọn ọta ike yin ara wọn, òun ló sì ń ṣètò ogun náà, látorí ibi tí wọ́n máa to táyà sí títí dé ohun tí ẹgbẹ́ kan máa jà gbà lọ́wọ́ èkejì.

Àwọn onítábìlì àtàwọn oníbọn ò fẹ́ rí ara wọn sójú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Kọ́mándà, a máa bú àwọn onítábìlì: "Àwọn àgbààyà! Ẹ jókòó sórí tìmùtìmù, ẹ ní ẹ ń jagun." Dókítà Eyín, aṣáájú àwọn onítábìlì, náà kì í gbà fún un: "Ó sàn ju kí bàbá ọlọ́mọ máa sá kiri ẹ̀yìn táyà bí ewúrẹ́ tí olóko ń lé."

Àwọn méjèèjì ní kó yan ọ̀kan. Inú bí i. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí wọn ò jẹ́ kóun sinmi, òun á so wọ́n pọ̀ bí ẹran. Ó wá da eré méjèèjì pọ̀: ohun tí dáìsì bá sọ lórí tábìlì ló máa pinnu ẹgbẹ́ tó máa ṣọ́ ẹnubodè nílé ìkẹ́rùsí. Òun ni rẹfirí. Òfin tó tẹnu mọ́ jù ni pé ẹni tí ọta bá bà ti kú. Kó nawọ́ sókè, kó jáde.

Dáìsì gbé ẹnubodè fún àwọn onítábìlì. Kọ́mándà fajú ro. Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀, ó yọ́ gba ẹ̀yìn táyà, Dókítà Eyín sì yìn ín láyà, pàá! Kọ́mándà ò nawọ́ o. Ó ń bá tiẹ̀ lọ.

"O ti kú!" Dókítà pariwo.

"Ta ló kú? Ìwọ ayọniléyín yìí?"

Ayàwòrán fọn fèrè. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i. Ọta bà yín. Ẹ ti kú, ẹ jáde."

Kọ́mándà bọ́ ìbòjú tí kì í jẹ́ kí ọta bà á lójú. "Èmi lo sọ pé mo ti kú? Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà? Lójú àlejò?"

"Òfin eré ni."

"Òkú ń sọ̀rọ̀," ni Dókítà wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì tún yìn ín léjìká.

Ayàwòrán já ìbọn gbà lọ́wọ́ Dókítà. "Ẹni tí ò ní ìbòjú lójú lo yìn! Bí ọta bá fọ́ ojú rẹ̀ ńkọ́? Jáde! Má sì tẹsẹ̀ bọ ilé mi mọ́."

Kọ́mándà lé gbogbo wọn síta, ó ti àgádágodo mọ́lẹ̀kùn. Kó tó dalẹ́, ìyá wọn ti pe Ayàwòrán. "Ẹnu rẹ lo fi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ó ti kú?"

"Màmá, eré ni."

"Ta ní í fi ikú ṣeré? Lọ bẹ̀ ẹ́!"

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fa atẹ́gùn sí táyà, kò gbójú sókè. "Sọ pé ọta ò bà mí," ó wí, "mo máa ṣílẹ̀kùn."

Ayàwòrán fèsì: "Ó bà yín."

Kọ́mándà kẹ̀yìn sí i, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Títí di òní, wọn ò kí ara wọn. Dókítà Eyín ní tiẹ̀ kó àwọn onítábìlì lọ sílé ara rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń ba orúkọ obìnrin náà jẹ́ bí wọ́n ṣe ń ju dáìsì.

Ó ku ẹni díẹ̀ tó ṣì ń wá sí pálọ̀ Ayàwòrán. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ oníbúrẹ́dì tó ti wà lẹ́yìn Kọ́mándà tẹ́lẹ̀, tó sì máa ń ṣàròyé lórí ohun gbogbo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn méjèèjì lọ wọn ilé kan tí oníbàárà Ayàwòrán pa tì láìparí, kí wọ́n lè máa ṣeré ogun níbẹ̀. Oníbúrẹ́dì di etí téèpù tí wọ́n fi ń wọn ilé mú, ó ń ráhùn pé àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ti há jù. Ayàwòrán ní kó panu mọ́, kó fa téèpù náà kó le.