Ibùsùn tí káfíńtà gbé dé fún Àbẹ̀kẹ́

Ẹ má kán káfíńtà lójú o. Mo kán an lójú, mo rí nǹkan lónìí.

Yàrá Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni mò ń tún ṣe ní Ìgbẹ́ìn níbí. Mo ti fi ẹfun kun ògiri, mo ti ta aṣọ ẹlú sójú fèrèsé. Ibùsùn nìkan ló kù, káfíńtà sì ń fi ọ̀la dá mi lóhùn. Lánàá mo ní, "Bí ò bá dé lọ́la, má gbé e wá mọ́."

Ó gbé e dé lọ́sàn-án yìí. Àbẹ̀kẹ́ fò lé e. Orí rẹ̀ kan pákó lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan pákó nísàlẹ̀, ó bá a mu rẹ́gí.

Ìyá mi ní, "Káfíńtà, ìgbà wo lo wọn ọmọ yìí?"

"N ò wọ̀n ọ́n, Ìyá. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ló ń lé mi léré. Pákó tí mo ti gé tẹ́lẹ̀ ni mo fi kàn án."

"O gé e fún ta ni?"

Ó wolẹ̀. "Ọmọbìnrin kan ní Ìtòkú. Pósí ni bàbá rẹ̀ ní kí n kàn. Àwọn àgbà ilé wá ní ẹní làwọn máa fi sin ín."

Mo kígbe, "Àbẹ̀kẹ́, dìde níbẹ̀!"

"Màmá mi, ẹ jẹ́ n sùn díẹ̀. Òtútù ń mú mi."

Ọ̀sán gangan ni o! Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná janjan.

Mo ti gbé e sórí ẹní. Ìyá mi ní ká dáná sun ibùsùn náà, káfíńtà ní ká jẹ́ kóun gbé e lọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ máa ṣe? Ẹ tètè fèsì, ara ọmọ mi ṣì ń gbóná.