Ibojì Onípáànù Tuntun

Láti ìgbà tí Díákónì Gabriel Bámgbóṣé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ní Ọ̀yọ́, tó sì kó ẹrù rẹ̀ padà sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò ráyè ayé mọ́. Ọ̀run ni ọkàn rẹ̀ wà. Bí o bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, á ní àárọ̀ kan ń bọ̀ tí kò ní ní alẹ́. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á kọ́kọ́ kẹ́dùn pé oúnjẹ ayé ni, á wá jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀.

Òrùlé ilé rẹ̀ ń jò. Kì í ṣe jíjò kékeré o! Bí òjò bá ṣú ní Ìkòyí-Ilé lásán, abọ́ á ti kún ní yàrá Àtinúkẹ́, ìyàwó rẹ̀. Ibẹ̀ lobìnrin náà ti ń ránṣọ, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ náà ló ti ń wúkọ́ láti ìgbà tí òjò ọdún 1987 ti bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Ọláyínká, ẹ bá mi wá páànù sórí yàrá yìí. Ikọ́ yìí fẹ́ pa mí."

"Ìyá Ọláyínká, ayé kì í ṣe ilé wa. Àlejò ni wá."

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo iwájú ilé! Àlejò yìí ti kọ́ ibojì síbẹ̀ de ara rẹ̀, bí àwọn àgbà ilé wọn ti máa ń ṣe. Ó lọ mú bíríkìlà láti Ọ̀yọ́. Òkúta ibẹ̀ dán débi pé adìẹ ń bá òjìji ara rẹ̀ jà. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Wọ́n sì ri òpó mẹ́rin yí i ká, wọ́n fi páànù tuntun ṣe òrùlé lé e lórí, kí òjò má baà pa òkú tí kò tíì kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ba yunifọ́ọ̀mù tí Àtinúkẹ́ ń rán jẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ru maṣíìnì rẹ̀, ó gbé e ka orí ibojì, ó sì ń ránṣọ rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń béèrè rẹ̀ pé: "Télọ̀ inú ibojì ńkọ́?"

Díákónì ti ìpàdé àdúrà dé, ó bá Martha, oníbàárà kan láti Takie, tó nasẹ̀ sórí òkúta, tó ń jẹ ẹ̀pà.

"Háà! Ibi ìsinmi mi lẹ ń da èèpo ẹ̀pà sí?"

"Ẹ wọlé, Bàbá Díákónì," ni Martha wí. "Àyè yín wà ńlẹ̀. Ṣebí orúkọ yín ni wọ́n kọ síbí?"

Àtinúkẹ́ kò gbójú sókè. "Bàbá Ọláyínká, àlejò ni wá. Ibi tí kò jò la yà sí."

Òjò dé wìì. Díákónì sáré wọlé, ó jókòó sí etí ibojì ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Díákónì ń wo èèpo ẹ̀pà. Ọ̀run wo gan-an lọkùnrin yìí ń lọ, tí kò gbọ́ ikọ́ ẹni tó jókòó tì í?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wà ní ọjà Takie, ó ń ná páànù bí ẹni tó fẹ́ ra gbogbo Takie pọ̀ mọ́ ọn. Ó mú Àlàmú káfíńtà dání wálé.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Àlàmú wí látorí àkàbà tó gbé ti yàrá Àtinúkẹ́. "Ẹ rántí ìyá lónìí."

"Ìyá kẹ̀? Ibojì mi ni mo fẹ́ gbà padà!"

Àtinúkẹ́ gbọ́ ọ. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó gbé páànù kan, ó nà án sókè sí Àlàmú.

"Kàn án kó le dáadáa, jàre."