Ife Méjì Lójú Fèrèsé

Tíṣà Kí-Ló-Fà-Á ni àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà ń pè é lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó láyà láti pè é bẹ́ẹ̀ lójú. Sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ wọn, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti ń kọ́ ọ nínú yàrá kan náà. Bí ọmọ bá ṣubú, kó tó wo ojú egbò, yóò ní, "Kí ló fà á?" Bí ṣọ́ọ̀kì bá kán, kí ló fà á? Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé pẹ́ dé, Tíṣà sì bi òun náà. Ọ̀gá ní, "Ìyàwó mi ni, mà," ni gbogbo yàrá olùkọ́ bá bú sẹ́rìn-ín.

Láti ọdún tó kọjá ni ìbéèrè náà ti há Tíṣà fúnra rẹ̀ lọ́fun bí egungun ẹja. Oṣù mọ́kànlá ni ọkọ rẹ̀ fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Oṣù mọ́kànlá náà ló fi gbààwẹ̀, tó fi kúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi le bíi pákó. Ọkọ kú. Àwọn ará ìjọ ní Ọlọ́run ló mọ̀, òun náà sì ṣe àmín. Òtítọ́ ni, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ tó pẹ́ pé kí wọ́n wádìí ohun gbogbo dé gbòǹgbò, báwo ni yóò ṣe gbé ìyẹn mì?

Nílé ìwé, òun ló ń ṣáájú àdúrà òwúrọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń ròkè. Bó bá délé, kò gbàdúrà mọ́. Kò bá Ọlọ́run jà o. Wọ́n kàn wà níbẹ̀ bí ẹni méjì tó ń gbé ilé kan náà tí wọn kì í kí ara wọn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn, a sì máa pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú.

"Màmá, ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ọmọ mi."

Ó parí nìyẹn, ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́dọọdún ni kíláàsì kẹrin máa ń gbin ẹ̀wà sínú ife. Wọn a fi òwú tútù sínú ife oníke tó mọ́ gaara, wọn a ki kóró ẹ̀wà sí àárín òwú àti ara ife, kí ojú lè rí gbòǹgbò bó ṣe ń yọ. Ife kan a wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ìkejì a wà níbi ìmọ́lẹ̀. Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà nítorí ẹnu rẹ̀ nawọ́ sókè.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká fi àdúrà wò ó. Ká gbé ife méjèèjì sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ kan náà, omi kan náà. Ká gbàdúrà fún ọ̀kan, ká fi ìkejì sílẹ̀."

"Yéè! Lọ́yà ti pe Ọlọ́run lẹ́jọ́!" Ọmọ kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ látẹ̀yìn.

"Dákẹ́, aláriwo. Lọ́yà, kí ló dé tóo fi fẹ́ mọ̀?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Màmá mi wà ní ọsibítù, mà. Bàbá mi ní kí n máa gbàdúrà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́."

Ó yẹ kí Tíṣà kọ̀. Ó mọ̀ pé a kì í dán Ọlọ́run wò. Ṣùgbọ́n òun náà fẹ́ mọ̀.

"Ẹ gbé ife wá," ló wí.

Ìdérí ìgò kan ni òdiwọ̀n omi fún ife kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, mọ́nítọ̀ kíláàsì nìkan ló sì gbọ́dọ̀ bù ú. Láràárọ̀, àwọn ọmọ a tò síwájú ife àdúrà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Olúwa, má jẹ́ kí ọ̀tá rẹ́yìn ẹ̀wà yìí." "Àmín!" "Kó má ṣe kú lọ́mọdé." "Àmín!" Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀wà tí ẹnikẹ́ni kò gbàdúrà fún là, ó ta gbòǹgbò. Ti àdúrà wú, ó wú ṣáá ni, kò yọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹjọ, Tíṣà kọ́kọ́ dé kíláàsì, òórùn ló sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀wà àdúrà ti rà.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ni ó máa ń tọ́jú ife ẹ̀wà mìíràn tó gbìn sí, bí èyí tí wọ́n ń lò bá bàjẹ́. Ó ṣí i. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ti yọ dáadáa. Ó mú un lọ́wọ́, ó rìn dé ojú fèrèsé. Ta ni yóò mọ̀? Irọ́ kékeré, fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Bí mo bá purọ́ gbe Ọlọ́run, ó rò ó sínú, á jẹ́ pé èmi gan-an ni mo ti dá a lẹ́bi. Ó dá ife náà padà.

Nígbà tí àwọn ọmọ dé, wọ́n pé bo ojú fèrèsé. Lọ́yà wo ife náà, kò sunkún.

"Ó ti rà, mà."

"Ó ti rà." Ohun tó ti mọ́ Tíṣà lára ló bọ́ sí i lẹ́nu: "Kí ló fà á?"

Ó gbé ife náà, ó dà á. Omi ṣàn sílẹ̀ ṣòròrò, ó ju ìdérí ìgò mẹ́wàá lọ. Ó yíjú sí mọ́nítọ̀. Mọ́nítọ̀ ní kí òun má lọ sílé bí òun bá bù ju ìdérí kan lọ. Aláriwo ẹ̀yìn wá rọra nawọ́ sókè.

"Èmi ni, mà. Nígbà tí mo gbàdúrà tán, mo ní kí n ràn án lọ́wọ́ díẹ̀."

"Èmi náà, mà. Omi inú ìgò mi ni."

"Èmi lẹ́ẹ̀mejì péré."

Ọwọ́ mọ́kàndínlógún ló wà lókè. Ti Lọ́yà ló kẹ́yìn. "Èmi lójoojúmọ́, mà."

"Áà, ẹ rì í sómi!" ni mọ́nítọ̀ wí. Ẹ̀rín gba kíláàsì, Tíṣà náà sì rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí ìró nu ojú.

Nígbà ìsinmi ránpẹ́, Lọ́yà kò jáde.

"Ṣé àdúrà ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́, mà?"

"Àyẹ̀wò yẹn kò sọ ọ́. Ó kàn sọ pé omi pọ̀ jù."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ń gbàdúrà nílé?"

Tíṣà lè yẹ ìbéèrè náà sílẹ̀, kò yẹ̀ ẹ́. "Mo ti dáwọ́ rẹ̀ dúró láti ìgbà tí ọkọ mi kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Ọmọ náà ronú díẹ̀. "Ṣé kí èmi náà dáwọ́ dúró?"

"Rárá o. Má dáwọ́ dúró nítorí tèmi."

"Ṣùgbọ́n ó le láti dá a ṣe, mà. Bàbá mi máa ń sùn lọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Tíṣà délé, ó tilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò béèrè nǹkan kan nípa ọkọ rẹ̀. "Ìyá ọmọ kan wà ní ọsibítù," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ṣe é ní àjèjì nínú yàrá náà. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan ju ẹsẹ̀ àwọn ará ilé kejì tó ń kọjá lọ. Orúnkún ti ń ro ó. Ó tún un sọ.