Ápù Ràmọ́ àti Ìbẹ́pẹ Ẹ̀yìn Ilé Ìwẹ̀

Òórùn ìbẹ́pẹ tó pọ́n sórí igi ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Agboolé kan ní Kotobabi, ní ìlú Accra, la ń gbé, àwa àti ìdílé mẹ́ta mìíràn, ibi tí omi ìwẹ̀ gbogbo wa ń gbà jáde sì ni igi náà hù sí. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Omi ọṣẹ ló ń mu, síbẹ̀ kì í yéé so. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, òórùn rẹ̀ á ti dàpọ̀ mọ́ ti kókò, ògì gbígbóná tí obìnrin kan ń tà lẹ́nu ọ̀nà, á sì gba ojú fèrèsé wọlé bá wa lórí ẹní.

Nítorí ibi tó hù sí, àwa ọmọdé ò kà á kún. Èmi ni mo sọ ọ́ ní èso ilé ìwẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. À ń jẹ ẹ́ ṣá, torí ó wà níbẹ̀.

Ápù ni èso gidi lójú wa. Bàámi ní ṣọ́ọ̀bù ní Tudu, nítòsí ibi tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Aflao lẹ́nubodè ti ń gbé èrò, ó ń ta mílíìkì, sàdíìnì àti bisikíìtì fún àwọn arìnrìn-àjò. Àwọn tó ń ta ápù máa ń pàtẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí Bàámi bá mú ọ̀kan wálé, a kì í jẹ ẹ́ bọ̀rọ̀. Orí tẹlifíṣọ̀n ni Màámi máa ń gbé e sí kí àlejò lè rí i. Mo rántí ápù kan tó bá wa gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn. Nígbà tí a ó fi pín in lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, ó ti hunjọ, ó sì ti rọ̀ bíi kànìnkànìn. Mo jẹ tèmi tayọ̀tayọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, àbúrò mi Ràmọ́ sì jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, nígbà tí èéyi mú un. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí ìjọba alágbádá padà dé sí Gánà. Ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsinmi ni. Ara Ràmọ́ gbóná, èéyi sú bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ dá egbò, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ rárá. Màámi fi ìró rẹ̀ bo fèrèsé. Ọ̀rọ̀ ojú yẹn ló bà á lẹ́rù jù, torí pé èéyi ti fọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan lójú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láràárọ̀, bí a bá ti kírun tán, á jókòó síwájú Ràmọ́, á na ìka sókè.

"Ìka mélòó nìyí, Ràmọ́?"

Tí Ràmọ́ bá ti sọ iye rẹ̀, Màámi á mí kanlẹ̀, á wá gbé igbá ọṣẹ rẹ̀ lọ sọ́jà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n kán oògùn kan sí Ràmọ́ lẹ́nu, wọ́n fún un ní ti ojú, nọ́ọ̀sì sì ní kí Màámi máa fún un ní èso dáadáa, kó gbé e padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí Màámi ṣe gbọ́ èso, ápù ló gbà pé wọ́n wí. Ohun tó bá wọ́n ló dára lójú tirẹ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń tún sọ: "Ọmọ mi ò ní jẹ èyí tó kù díẹ̀ káàtó." Láti ọjọ́ náà, Bàámi ń mú ápù kan bọ̀ láti Tudu ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ti Ràmọ́ nìkan ni. Wọ́n ní kí èmi lọ ká ìbẹ́pẹ.

Inú bí mi, kí n má purọ́. Mo ń wo ápù pupa yẹn lọ́wọ́ ẹni tí kò tiẹ̀ rójú jẹun, mo wá ń gbé ìbẹ́pẹ tèmi mì bí ẹni ń lo oògùn.

Lọ́jọ́ kejì, Màámi ti lọ sọ́jà, ó fi Ràmọ́ sílẹ̀ tì mí. Ràmọ́ gé ápù náà jẹ, ó bú sẹ́kún. Egbò ẹnu rẹ̀ ò gba nǹkan líle. Ó wo ìbẹ́pẹ rírọ̀ tó wà nínú àwo mi, ó wá fi Twi bẹ̀ mí, bí ọmọ Accra ṣe máa ń ṣe tí nǹkan bá ká a lára.

"Sístà Sìdí, mepa wo kyɛw, ẹ bá mi jẹ ẹ́. Ẹ fún mi ní tiyín."

Kò bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé ápù náà lọ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán, mo ri hóró rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí igi ìbẹ́pẹ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́. Mo mọ̀ dájú pé olè ni mò ń jà, mo sì ń fún un ní ìbẹ́pẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ kí ọkàn mi lè balẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá, Màámi ń sọ fún gbogbo ará ilé pé ápù ń ṣiṣẹ́. Mi ò lè wò ó lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa padà sí ilé ìwòsàn, Màámi na ìka mẹ́ta.

"Méjì," ni Ràmọ́ wí.

Màámi tún un nà. Ràmọ́ tún ní méjì. Màámi pọ̀n ọ́n, ó jáde láìwé gèlè, mo sì sáré tẹ̀lé wọn. Nínú trotro, ọkọ̀ akérò tó gbé wa, mo ń ka àwọn ápù tí mo ti jẹ. Mẹ́tàlá ni. Mo gbà pé ojú àbúrò mi ni mo jẹ tán lẹ́yìn ilé ìwẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì sójú Ràmọ́, ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó wá fi Twi béèrè èso tó ń jẹ. Màámi nàró.

"Ápù, Sístà. Daa, ápù!" Ojoojúmọ́ ni daa ń jẹ́.

Mo bú sẹ́kún. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ìbẹ́pẹ ni mò ń fún un."

Màámi wò mí, mi ò gbàgbé ìwò yẹn títí di òní. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Màámi sọ fún un tìtìjú-tìtìjú, bí ẹni pé òkúta ni a fi ń bọ́ ọmọ. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Borɔferɛ? Ɛyɛ paa!"

Bó ṣe sọ fún wa pé ìbẹ́pẹ dára gan-an nìyẹn, ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ó ní ápù ò burú: omi wà nínú rẹ̀, ó ládùn, ó sì ń jẹ́ kí inú ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n èéyi máa ń gba fítámì A kúrò lára ọmọdé, fítámì yẹn sì ni ojú ń fẹ́. Ohun tó mú kí inú ìbẹ́pẹ pọ́n bẹ́ẹ̀ ni ara ń sọ di fítámì A. Ti ápù kéré gan-an. Ti fítámì C pàápàá, ìbẹ́pẹ fi ápù sílẹ̀ jìnnà. Ó rọ̀, ẹlẹ́gbò ẹnu sì lè jẹ ẹ́. Ó ní ojú ọmọ náà ti mọ́ kedere.

Màámi ò gbà. Ó yíjú sí Ràmọ́. "Ìka mélòó ni mo nà láàárọ̀?"

"Mẹ́ta."

"Kí ló dé tí o fi ní méjì?"

"Ó ti sú mi, Màámi. Ojoojúmọ́ ni ìka, ìka."

Màámi ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ń retí ìyà mi títí a fi délé. Lẹ́nu ọ̀nà agboolé, ó dúró, ó gbá mi létí díẹ̀.

"Olè ni ẹ́, Sìdí," ló wí. Ó wá fà mí mọ́ra. "Ṣùgbọ́n o ṣeun."

Mi ò ní sọ pé ìbẹ́pẹ nìkan ló wo Ràmọ́. Wọ́n ti fún un lóògùn kí n tó bẹ̀rẹ̀ olè mi. Mo kàn dúpẹ́ pé ohun tí mo fi pààrọ̀ ápù rẹ̀ kì í ṣe ohun tó lè pa á lára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàámi náà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Màámi tó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wálé láti Tudu ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, kó lè rówó ra ápù, tí èmi sì ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn ilé ìwẹ̀.

Ilé ìdáná ilé ìwé kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, èmi ni mo ń yan èso tí àwọn ọmọ ń jẹ. Mo mọ ohun tó wà nínú ìbẹ́pẹ àti ápù, mo sì lè kà á sílẹ̀ láìwo ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ò mọ ìkankan níbẹ̀, ojúkòkòrò ló wà lọ́kàn rẹ̀. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo mọ̀, mi ò rò pé mo tíì fi ọwọ́ mi fún ẹnikẹ́ni ní oúnjẹ tó ṣe é lóore tó ti ọ̀sẹ̀ méjì yẹn.

Ràmọ́ ń ránṣọ ní Sabon Zongo. Kì í pe ẹnikẹ́ni kó bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Èmi ni mo ń lo awò ojú. Tó bá wá kí mi, á mú ápù kan jáde nínú báàgì rẹ̀, á gbé e lé mi lọ́wọ́, á yọ awò kúrò lójú mi, á wá na ìka mẹ́ta sókè.

"Sístà Sìdí, ìka mélòó nìyí?"

Mo máa ń sọ fún un pé méjì ni.