Ojú Irin Nínú Fọ́tò Ìyá Fàúsát

Àtàǹpàkò Bàbá Olúgbénró rọra gba etí ahọ́n fíìmù náà kọjá. Ó dé òpin, ó dúró, ó tún padà. Bàbá pajú dé, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja.

"Bàrákàt, èyí ò ní àpá eyín o."

Bàrákàt kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún wò ó dáadáa, sà."

"Mo ti wò ó. Ó ń dán bí orí ọmọ tuntun."

Fíìmù méjì ló kó wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá ti ń fọ fọ́tò l'Ónígbòǹgbò lọ́sàn-án Sátidé yẹn. Ojú irin Agege ló yà sí ọ̀kan, ní ìdájí, nínú oṣù ààwẹ̀. Èkejì ló rò pé òun yà nílé iṣẹ́ òwú tí òun ti ń ṣiṣẹ́ n'Ílúpéjú, ní Jímọ̀ tí Ìyá Fàúsát, àgbà ibi iṣẹ́ wọn, fẹ̀yìn tì. Méjèèjì ló yẹ kó ní àpá eyín. Òfin Bàbá ni. Wọ́n fẹ́ kí ahọ́n fíìmù yọ jáde díẹ̀ nínú agolo rẹ̀, kí wọ́n lè fà á láìfọ́ agolo. Ṣùgbọ́n fíìmù tí wọn ò tíì yà pẹ̀lú máa ń yọ ahọ́n. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ya fíìmù tán gbọ́dọ̀ gé etí ahọ́n náà jẹ kó tó sọ ọ́ sínú báàgì. Èyí tó bá ti rí eyín kò gbọdọ̀ wọ kámẹ́rà mọ́.

Bàbá mú èkejì. Àpá eyín wà lára rẹ̀ kedere.

"Ọ̀kan ṣoṣo lo yà," ni wọ́n wí. "Èyí tó ń dán yìí ò tíì wọ kámẹ́rà rí. O ya Agege tán, o tún ya Ìyá Fàúsát lé e lórí."

Ohùn Bàrákàt wálẹ̀. "Mo ti jẹ sààrì tán lọ́jọ́ tí mo ya ti Agege, sà. Mo ní n kò ní fi nǹkan kan sẹ́nu. Mo ní tí mo bá ṣínu, màá gé e jẹ."

"O wá ṣínu, o jẹ mọ́ínmọ́ín, o gbàgbé fíìmù."

"Àkàrà ni, sà."

Bàbá, tí wọ́n jẹ́ díákónì, rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi yẹ̀. "Fíìmù ni mo ní kí o gé jẹ, kì í ṣe àkàrà!"

Bàrákàt ò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Fàúsát fi dúró ti ẹ̀rọ tó ń ká òwú, wọn ò sì ní fọ́tò kan ṣoṣo pẹ̀lú rẹ̀, torí ilé iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí fóònù wọlé. Ní Jímọ̀ yẹn, Quadri tó ń ṣọ́ géètì yí kámẹ́rà irin Bàrákàt síwá sẹ́yìn.

"Ṣé ó lè pe èèyàn?"

"Rárá."

"Ṣé ó ní Wásáàpù?"

"Rárá."

"Wọlé jàre."

Nígbà tó fi di Mọ́ńdè, ilé iṣẹ́ ti tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, wọ́n ti kó o lọ. Ìyá Fàúsát fúnra wọn ń kó lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lónìí. Wọ́n ní àwọn á yà wá gba fọ́tò láago mẹ́rin.

"Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́, sà," ni Bàrákàt wí. "Bó bá bàjẹ́, kí n kúkú rí i."

Ọdún kẹrin rèé tó ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Ayálégbé kan ló gbàgbé kámẹ́rà náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tó kó jáde nílé ìyá Bàrákàt ní Ifako-Ìjàyè. Bàrákàt gbé e wá bi Bàbá bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, fọ́tò inú fóònù ò wù ú mọ́. Igba ló máa ń yà síbẹ̀, kò sì ní padà wo ọ̀kan. Mẹ́rìndínlógójì péré ni fíìmù gbà. Kó tó tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò di èémí mú. Bó bá sì ti tẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ yóò máa dùn títí ọjọ́ tí yóò rí i.

Wọ́n fi omi inú ọ̀rá tó tutù mú ooru oògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù wálẹ̀. Bàbá kì í wo aago. Orin ìsìn ni wọ́n fi ń ka àkókò, ẹsẹ mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń mi agolo oògùn tí fíìmù wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fa fíìmù náà jáde, igbó ni. Òrùlé Agege wọnú ikùn ẹ̀rọ. Fèrèsé ọkọ̀ ojú irin gba orí fáànù kọjá. Bàrákàt ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ìkejìlélógún.

"Ẹ jẹ́ ká tẹ èyí, sà."

Lábẹ́ gílóòbù pupa, bébà náà funfun nínú omi. Lẹ́yìn náà, ìlà kan dúdú. Lẹ́yìn náà, gèlè. Ojú Ìyá Fàúsát yọ, ọwọ́ wọn yọ, òwú wà láàárín ìka wọn. Láti ibi tí òwú náà wà, ìlà méjì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó ń gùn, ó ń jìnnà.

"Bàbá! Ẹ wá wò ó!"

"Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Má fọ́ mi létí."

"Ojú irin ni! Ó ń jáde lọ́wọ́ wọn! Bàbá, ó ń jáde lọ́wọ́ wọn!" Ó fò sókè, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbá ìgò kan.

Bàbá tẹ̀ síwájú wò ó. "Mo ti na ọmọṣẹ́ rí nítorí irú àṣìṣe yìí," ni wọ́n wí. Bàrákàt nawọ́ sí bébà náà, wọ́n dá a dúró. "Má tíì yọ ọ́. Jẹ́ kó pọ́n dáadáa."

Wọ́n ti ki bébà náà bọ oògùn tó ń mú àwòrán dúró, wọ́n sì ti ṣan án, nígbà tí fèrè mọ́tò dún níta.

"Bàrákàt! Fọ́tò mi dà?" Ìyá Fàúsát ti wọlé. "Afeez ọmọ mi ń fun fèrè mọ́ mi bíi pé èmi ni mò ń wa mọ́tò."

Bàrákàt kúnlẹ̀. "Mo ṣe àṣìṣe kan, mà."

Wọ́n gba fọ́tò tútù náà ní etí méjèèjì. Wọ́n wò ó. Wọ́n gbé e sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Ta ló gbé ojú irin wọ ilé iṣẹ́?"

"Èmi ni, mà. Ti Agege ni."

Ìka Ìyá Fàúsát tẹ̀ lé ìlà kan nínú méjèèjì, láìfi kàn án. "Ẹ̀gbẹ́ ibí yìí ni mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́," ni wọ́n wí. "Màá ti pọn Fàúsát sẹ́yìn. Wọn ò tíì fún wa ní mọ́tò òṣìṣẹ́ nígbà yẹn."

Ìyá Fàúsát mi fọ́tò náà, omi kán sílẹ̀.

"Kò tíì gbẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má jẹ́ kó kan aṣọ yín."

"Á gbẹ lọ́nà."

Wọ́n jáde. Afeez ṣílẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n kọjá lára mọ́tò náà, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ ní ẹ̀gbẹ́ títì nínú oòrùn, bí wọ́n ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin nígbà yẹn, fọ́tò náà níwájú wọn.